Ìpolówó Ẹ̀kọ́ Àkọ́kún fún Àwọn Olùkọ́ ní Onípánù àti Agbègbè Rẹ̀: Láti Ìgbà Lẹ́tà dé Ìgbà Ayélujára

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òwe yìí kò ṣàjèjì ní Onípánù, níbi tí títì Ìkòròdú gba àárín àdúgbò kọjá, tí àwọn òǹtajà ń pariwo ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, tí àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú kò sì jìnnà sí. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń polówó ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kún fún olùkọ́, èyíinì ni ẹ̀kọ́ tí ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ lè gbà láìfi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà kan rí, inú ìwé ìròyìn ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ó di ìwé àlẹ̀mógiri. Lónìí, orí fóònù ni ó ti ń bá olùkọ́.

Ìbéèrè tí pépà yìí ń dáhùn ni èyí: ní gbogbo àsìkò wọ̀nyí, kí ni ó mú kí olùkọ́ gbọ́ ìpè náà, kí ó san owó, kí ó sì parí ẹ̀kọ́? Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń polówó ẹ̀kọ́ orí ayélujára ni pé bí ìkéde bá ti pọ̀ tó ni olùkọ́ tí yóò wá yóò ti pọ̀ tó. Ìtàn kò gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ìpolówó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìwé-ẹ̀rí bá ní ohun pàtó kan tí ó lè ṣe fún olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀: kí ó gbé e ga, kí ó fi kún owó oṣù rẹ̀, tàbí kí ó dáàbò bò ó lọ́wọ́ òfin. Níbi tí okùn tó so ẹ̀kọ́ mọ́ èrè bá ti já, ariwo lásán ni ìpolówó ń dà.

Ìdí mẹ́ta ni Onípánù fi yẹ fún irú àyẹ̀wò yìí. Èkíní, ó wà nítòsí Akọka àti Yábà, níbi tí Yunifásítì Èkó àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ọwọ́ ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Èkejì, ilé-ìwé pọ̀ ní agbègbè náà, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ní Bàrígà ni CMS Grammar School, ilé-ìwé gíga àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, wà láti 1959. Ẹ̀kẹta, ìtàn ìṣèjọba agbègbè náà yàtọ̀ sí ti Erékùṣù Èkó. Abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ṣómólú àti Bàrígà wà títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó dé bá àwọn olùkọ́ Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú ní 1955 dé bá àwọn olùkọ́ Ṣómólú pẹ̀lú.

2.0 Ìgbà Lẹ́tà: Ṣáájú 1960

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di olùkọ́ tó gbàwé-ẹ̀rí. Ó ní láti fi ilé sílẹ̀, kí ó lọ gbé ní irú ibi bíi St Andrew's College, Ọ̀yọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Àyè kò tó ní irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọ Kírísítì sì ń lo àwọn olùkọ́ tí kò tí ì lọ síbẹ̀. Nígbà tí òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 1926 pàṣẹ pé kí wọ́n máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ kí ó tó kọ́ni ní ìhà gúúsù, ìwé-ẹ̀rí kúrò ní ohun ọ̀ṣọ́. Ó di ààlà láàárín ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ àti ẹni tí wọ́n lè dá dúró nígbàkigbà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, ní 1931, Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, bẹ̀rẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ipò olùkọ́ ni ó wà ní iwájú nínú ohun tí ẹgbẹ́ náà ń jà fún.

Inú àlàfo yìí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí. Wolsey Hall ti ìlú Oxford, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọkọ̀ ojú omi; olùkọ́ á dáhùn ìbéèrè, á fi í ránṣẹ́ padà, á sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó rí máàkì rẹ̀. Wọn kì í fúnni ní oyè fúnra wọn. Ìdánwò Yunifásítì Lọ́ńdọ́nù, tí àwọn tí kò sí nínú ọgbà rẹ̀ ti lè ṣe láti 1858, ni wọ́n ń múni gbaradì fún.

Wọ́n ń polówó ara wọn nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ìpolówó tí ó lágbára jù lọ ni èyí tí ènìyàn fi ojú rí. Bí olùkọ́ kan bá yege, tí ipò rẹ̀ yí padà, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò mọ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ́nù ní 1944 láìjẹ́ pé ó jókòó nínú ọgbà yunifásítì kan. Irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí olùkọ́ gbà pé owó tí òun fi ránṣẹ́ sí òkè òkun kò ní sọnù.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ ilé-ìwé, tí ó jẹ́ nǹkan bí 456,600 ní 1954, fò sókè sí 811,432 ní 1955. Kò sí bí olùkọ́ tó gbàwé-ẹ̀rí ṣe lè pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Wọ́n gba ọ̀pọ̀ tí kò kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíréèdì Kẹta sílẹ̀ káàkiri. Ìgbìmọ̀ Banjo, tí ó jábọ̀ ní 1961, tọ́ka sí àìtó olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ara ohun tó fa ẹ̀kọ́ sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni Gíréèdì Kẹta ti di àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ tí gbogbo ẹni tó wà lórí rẹ̀ ń wá ọ̀nà láti fi sílẹ̀. Owó oṣù ń tẹ̀ lé gíréèdì, nítorí náà kò sí olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un ìdí tí ó fi yẹ kí ó kọ́ sí i.

3.0 Akọka di Ojúkò: 1960 sí 1984

Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1960, dá a lábàá pé kí yunifásítì tí wọ́n máa dá sí Èkó ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ àti ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ṣùgbọ́n ó di 1974 kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀. COSU ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, lẹ́yìn náà ó di COSIT, ní 1997 ó sì di Distance Learning Institute. Ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ ń kọ́ni, nítorí pé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ṣọ̀wọ́n ní ilé-ìwé gíga.

Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti ti Wolsey Hall. Ẹni tó ń kọ́ ní Onípánù lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ọ́fíìsì tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń wá. Nígbà ìsinmi gígùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń péjọ láti rí olùkọ́ wọn lójúkojú. Bí lẹ́tà bá pẹ́ lọ́nà, bí ilé ìfìwéránṣẹ́ ti sábà máa ń ṣe, ẹni tó wà nítòsí lè lọ béèrè. Ẹni tó wà ní ìlú jíjìn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó hàn nínú èyí pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n polówó bí ohun tí ó pa ọ̀nà jíjìn rẹ́ kò ní kí sísúnmọ́ má ṣèrànwọ́.

Irú ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1969, ó sì gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1971. Àwọn olùkọ́ pọ̀ gidi nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: olùkọ́ tó bá gba oyè yunifásítì ní ilẹ̀ náà yóò gba owó oṣù tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní Nàìjíríà, ìjọba Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ṣe òfin tó dá Yunifásítì Gbogboògbò sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1983. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun dá a dúró. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ohun èlò tí yóò mú un ṣiṣẹ́ kò sí. Àwọn olùkọ́ tó ti gbọ́ ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà, àìní wọn sì wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n lè mú un lọ. Ọdún 17 kọjá kí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó jí ilé-ẹ̀kọ́ náà dìde ní 2001. Ìpolówó lè pe ènìyàn wá sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí ẹni tó ni ilé ti tì.

4.0 Òfin Wọ Ọ̀rọ̀ Náà: 1976 sí 2001

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá National Teachers' Institute, NTI, sílẹ̀ ní Kàdúná, kí ó lè máa kọ́ olùkọ́ níbi tí olùkọ́ bá wà. NTI fi ìwé ẹ̀kọ́ alápá púpọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó yàn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń pàdé ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ mú wọn gbaradì fún Gíréèdì Kejì, nígbà tí ó sì di 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ NCE.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-Èdè, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977, ti fi hàn pé NCE ni yóò di ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù lọ fún olùkọ́. Àbájáde èyí lágbára púpọ̀. Ìwé-ẹ̀rí Gíréèdì Kejì, tí olùkọ́ ọdún 1961 fi ìlàágùn wá, bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú rẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1979 títí dé 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì, ó sì fòpin sí àṣà kí ọmọ máa pín ilé-ìwé kan lò ní ìpín-ìpín láàárín ọjọ́. Kíláàsì pọ̀ sí i, olùkọ́ pọ̀ sí i, àwọn tó nílò ẹ̀kọ́ àkọ́kún náà sì pọ̀ sí i.

Bí àìní bá ti pọ̀, ọlọ́jà á dé. Lẹ́yìn 1985, àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ìpínlẹ̀ mìíràn gbé ẹ̀ka wọn wá sí Èkó. Ìwé àlẹ̀mógiri wọn gba ara ògiri, òpó iná àti ibùdókọ̀, wọ́n ń pe olùkọ́ sí ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ àti ti àkókò ìsinmi. Ohun tí wọ́n tẹ nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà ni iye ọdún àti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ohun tí olùkọ́ yóò mọ̀ sí i nípa iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà hàn níbẹ̀. Ní 2001, Àjọ Tó Ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Yunifásítì, NUC, pàṣẹ kí wọ́n ti irú àwọn ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ pa. Ìyà jẹ àwọn tó ti san owó, nítorí ẹni tó tẹ ìwé àlẹ̀mógiri kò sí lára ohun tí àṣẹ náà gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Àsìkò yìí ni ó fi hàn kedere pé bí èrè bá dá lórí ìwé nìkan, ìwé nìkan ni ọjà yóò máa tà.

Láàárín àkókò kan náà, òfin 1993 dá àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, TRCN. Ohun tí òfin 1926 bẹ̀rẹ̀ padà wá pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara rẹ̀ ní olùkọ́. Ẹni tó kàwé gboyè ṣùgbọ́n tí kò kọ́ ìmọ̀ ìkọ́ni ní láti gba ìwé-ẹ̀rí PGDE, èyí tí NTI àti Yunifásítì Gbogboògbò ń fi ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kọ́ni.

5.0 Ìgbà Ayélujára: Láti 2001

Fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Ní 2010, okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun wá gúnlẹ̀ sí Èkó, ayélujára sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára sí i. Ní 2005, Open University àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kan bẹ̀rẹ̀ ètò TESSA, tí ń gbé ohun èlò ìkọ́ni sórí ayélujára fún olùkọ́ láìgba kọ́bọ̀. NTI wà nínú rẹ̀. Ní 2012, Coursera àti edX bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ayé sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí, owó ilé-ẹ̀kọ́ lè wálẹ̀ dé òdo.

Ṣùgbọ́n káàkiri ayé, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń parí rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lójú olùkọ́ Ṣómólú. Dátà ni yóò rà. Bí iná mànàmáná bá lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ni yóò wá. Àkókò tí yóò fi kọ́ ọ ni àkókò tí ó fi ń máàkì ìwé, tí ó fi ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì láti fi kún owó oṣù, tàbí tí ó fi ń tọ́jú ilé.

Ọdún 2020 pèsè àfiwé méjì tí ó yẹ fún àkíyèsí. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò EKOEXCEL fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ìjọba ni ó pè wọ́n, ìjọba ni ó fún wọn ní tábúlẹ́ẹ̀tì, inú iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ náà sì wà. Ẹ̀kọ́ náà kò nílò ìpolówó rárá. Ní oṣù Kẹta, àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa. Ìpè sí ẹ̀kọ́ orí Zoom àti WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n lè tẹ̀ jáde sì ń tẹ̀ lé wọn. Olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni, tí ọ̀pọ̀ kò gba owó oṣù nígbà tí ilé-ìwé wà ní títì, ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà láti dáhùn ìpè náà.

Iye àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kò kéré. Ìkànìyàn ilé-ìwé aládàáni tí wọ́n ṣe ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011 rí 12,098. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọ̀nyí, kò sí àkàsọ̀ ìgbéga tí ìwé-ẹ̀rí lè gbé olùkọ́ gùn. Ọ̀gá ilé-ìwé lè fi ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ rẹ̀ polówó ilé-ìwé fún àwọn òbí, kí owó oṣù olùkọ́ náà sì wà níbi tó wà. Àṣẹ TRCN pé kí gbogbo olùkọ́ ti forúkọ sílẹ̀ kí ọdún 2019 tó parí kàn án gẹ́gẹ́ bí ó ti kan olùkọ́ ìjọba. Èrè rẹ̀ ni kò dọ́gba.

6.0 Àgbéyẹ̀wò

Bí ènìyàn bá to àwọn àsìkò wọ̀nyí tẹ̀ léra, ohun mẹ́ta ni yóò rí tó ń mú ìpolówó ṣiṣẹ́. Èkíní ni àkàsọ̀: Gíréèdì Kẹta sí Kejì, Gíréèdì Kejì sí NCE. Èkejì ni òfin, láti 1926 dé 1993. Ẹ̀kẹta ni ẹlẹ́rìí, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ ẹni tó ti kọ́ ọ tó sì jàǹfààní. Ìkéde tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí lẹ́yìn kì í pẹ́ kí ó tó di ìgbàgbé.

Ẹnìkan lè jiyàn pé èyí tẹ́ńbẹ́lú olùkọ́, bí ẹni pé owó nìkan ni ó ń lé. Àríyànjiyàn náà yẹ ní gbígbọ́, nítorí olùkọ́ wà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nítorí pé ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ̀ kò lóye ìṣirò. Ṣùgbọ́n ètò ìlú kò ṣeé gbé karí ìfẹ́ ọkàn àwọn díẹ̀. Àwọn tó máa ń sọ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà kì í sábà jẹ́ olùkọ́. Àpẹẹrẹ àwọn ẹ̀ka yunifásítì tí wọ́n tì ní 2001 sì ń kìlọ̀ láti apá kejì: èrè láìsí àyẹ̀wò ìmọ̀ a máa sọ ẹ̀kọ́ di ọjà ìwé. Ohun tó yẹ ni kí èrè àti ìmọ̀ jọ rìn, kí ẹni tó fẹ́ ìgbéga má lè rí i gbà láìfi hàn nínú kíláàsì pé òun kọ́ nǹkan.

Ẹni tó ń san owó náà ṣe pàtàkì. Láti ọjọ́ Wolsey Hall títí di ọjọ́ dátà, àpò olùkọ́ ni ẹrù náà ti sábà ń bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ àwọn mìíràn ni wọ́n jọ ń jẹ àǹfààní rẹ̀: ọmọ, òbí, onílé-ìwé àti ìjọba.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní 2022 jẹ́ kí olùkọ́ ìjọba lè ṣiṣẹ́ fún 40 ọdún tàbí títí yóò fi pé ẹni ọdún 65. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ òfin yìí ní ẹni ọdún 25 lè ṣì wà nínú kíláàsì ní ogójì ọdún sí ìgbà náà. Ohun tó kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò lè tó o ná títí di ọjọ́ yẹn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kún ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ìwé nìkan.

Òótọ́ ni pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n àgúnmu kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ohun tí wọ́n fi mu ún. Ní Onípánù, láti ìgbà lẹ́tà dé ìgbà ayélujára, ẹ̀kọ́ mu olùkọ́ lára nígbà tí ẹni tó ń pè é bá sọ ohun tí yóò jẹ́ ti olùkọ́ náà lẹ́yìn tó bá parí, tí ó sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ polówó ẹ̀kọ́ orí ayélujára fún olùkọ́ ìlú yìí ní láti kọ́kọ́ bá ẹni tó ń san owó oṣù sọ̀rọ̀, kí ó tó bá olùkọ́ sọ ọ́.